Ìpolówó ayọjúràn, amí àti kúkì atọpasẹ̀: èwo lẹ máa fi lé wọn kúrò lórí kọ̀ǹpútà ilé?

Lọ́jọ́ Àìkú kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àmàlà tán nílé màmá mi ní Òkè-Àdó, n’Ìbàdàn, wọ́n ní kí n wá bá àwọn wo kọ̀ǹpútà. “Ó ti kó àrùn,” wọ́n wí, “ó tún wá ń bèèrè owó lọ́wọ́ mi.” Mo jókòó tì í. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí àpótí pupa kan fi yọ ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, tó ń pariwo pé fáírọ́ọ̀sì márùn-ún ti wọlé, kí wọ́n tẹ ibí kíá kí wọ́n sanwó. Bí mo ṣe pa á ni ìkejì yọ. Ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò ti sọ fún wọn pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà lòun máa gbà, òun á nu gbogbo rẹ̀ nù, òun á sì kó Windows tuntun sí i. Àwọn fọ́tò ìsìnkú bàbá mi wà lára ohun tó fẹ́ nù yẹn.

Kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀. Ọmọ àbúrò mi ló wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wọn. Ó ń wá fíìmù tó máa wò, ìkànnì kan ní kó tẹ “Allow” kí òun lè mọ̀ pé kì í ṣe róbọ́ọ̀tì, ọmọ sì tẹ̀ ẹ́. Àṣẹ tó fún ìkànnì yẹn láti máa kàn sí wọn nígbàkúùgbà ló di fáírọ́ọ̀sì márùn-ún. Mo wọ inú Chrome, mo gba àṣẹ náà padà, ariwo dá. Kò tó ìṣẹ́jú méjì.

Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Mọ́kọ́lá, ìbéèrè tí wọ́n sì ń bi mí jù ni: “Bọ̀ọ̀dá, antivirus wo ló dáa jù?” Ìbéèrè náà kò tíì pé. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń kanlẹ̀kùn kí ẹ tó mọ ajá tí ẹ máa dè mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni mẹ́ta ló ń kàn án, ajá kan ṣoṣo kò sì lè gbó mọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà

Ayọjúràn ni èkíní: ìpolówó tó ń yọ gannku-gannku lójú ohun tí ẹ ń kà. Ethan Zuckerman, ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ kóòdù rẹ̀ nígbà tó ń bá ilé iṣẹ́ Tripod ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọdún 1990. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan ló bínú pé ìpolówó òun wà lójú ewé kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe, ni wọ́n bá ní kí ìpolówó máa jáde nínú fèrèsé tirẹ̀, kó má bàa jọ pé wọ́n jẹ́ ará ilé kan. Ní ọdún 2014, Zuckerman tọrọ àforíjì ní gbangba. Àforíjì ti wọlé, fèrèsé kò tíì padé.

Kúkì ni èkejì, fáìlì kékeré tí ìkànnì máa ń fi sórí kọ̀ǹpútà yín kó lè dá yín mọ̀. Lou Montulli ló ṣe é ní ọdún 1994 nígbà tó wà ní ilé iṣẹ́ Netscape, ohun tó sì fẹ́ fi ṣe kò burú: kí ìkànnì tí ẹ ti ń rajà lè rántí ohun tí ẹ ti kó sínú agbọ̀n. Ẹ wò ó báyìí. Tí ẹ bá dé ọjà Bódìjà, tí ìyá aláta sọ pé “Ẹ káàbọ̀, ṣé tàtàṣé ti ọjọ́sí náà ni?”, inú yín á dùn. Ó mọ̀ yín, ẹ sì mọ̀ ọ́n. Kúkì ti ìkànnì fúnra rẹ̀ nìyẹn, òun ni kì í jẹ́ kí ẹ máa kọ password yín ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n ká ní ọkùnrin kan tí ẹ ò mọ̀ rí dúró lẹ́yìn yín nísọ̀ aláta, ó tún wà lẹ́yìn yín nísọ̀ ẹlẹ́ja, ó tẹ̀ lé yín dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, tó sì ń tà á fún ẹni tó bá fẹ́ rà á ńkọ́? Kúkì ti ará ìta nìyẹn, òun ni mo ń pè ní atọpasẹ̀. Ẹ wá jẹnẹrétọ̀ láàárọ̀, jẹnẹrétọ̀ á tẹ̀ lé yín lọ sójú ewé ìròyìn bọ́ọ̀lù lálẹ́.

Ẹ̀kẹta ni amí, àwọn òyìnbó ń pè é ní spyware. Inú kọ̀ǹpútà gan-an lòun ń gbé, kì í ṣe inú browser nìkan, ìyẹn ohun tí ẹ fi ń ṣí ìkànnì, bíi Chrome. Ó lè máa ka ohun tí ẹ ń tẹ̀, ó lè yí ojú ewé àkọ́kọ́ yín padà, ó lè máa gbé ohun tí ẹ bá wá lórí Google lọ síbòmíràn. Kì í sábà fipá wọlé. Ẹ̀yin lẹ máa ń ṣílẹ̀kùn fún un: Microsoft Office olówó ọ̀fẹ́ tí wọ́n ti ja kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ohun tó ń sọ PDF di Word, ohun tó ní òun fẹ́ wá “driver” fún yín. Ẹ ń tẹ “Next, Next, Next”, ẹ ò ka ohun tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀.

Nínú oríkì Ìbàdàn ni wọ́n ti ń sọ pé ìlú tí olè gbé ń jàre olóhun ni. Mo máa ń rò pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń sọ. Àwọn ará ìta á kó ọ̀rọ̀ yín, ẹ̀yin lẹ máa tún fi dátà yín gbé ìpolówó wọn wọlé. Òfin dáàbò bò yín o, Nigeria Data Protection Act tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé Mọ́kọ́lá, ẹ jẹ́ ká ti ilẹ̀kùn wa.

Kí ẹ tó fi ohunkóhun kún un

Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, mo bẹ̀ yín, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ni wàhálà ń parí síbẹ̀. Nínú Chrome, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ lọ sí “Settings”, “Privacy and security”, “Site settings”, lẹ́yìn náà “Notifications”. Ẹ máa rí orúkọ àwọn ìkànnì tí ẹ ti fún láṣẹ. Tí ẹ bá rí orúkọ tó jọ pé ọmọdé kan fọwọ́ gbá bọ́tìnnì káàkiri, ẹ yọ ọ́. Kódà ẹ lè sọ fún un pé kí ìkànnì kankan má bèèrè mọ́. Mi ò tíì rí ẹni tó ṣe é tó sì kábàámọ̀.

Ìkejì, ẹ wo àwọn extension tí wọ́n wà nínú browser náà, ìyẹn àwọn ohun kéékèèké tí wọ́n ń fi kún un kó lè ṣe iṣẹ́ mìíràn. Èyí tí ẹ ò mọ bó ṣe dé ibẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ìkẹta, nínú “Settings” Windows, ẹ ṣí “Apps”, ẹ tò wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n wọlé. Ọjọ́ tí wàhálà bẹ̀rẹ̀ kì í jìnnà sí ọjọ́ tí àlejò kan dé.

Tí èyí bá tán ìṣòro yín, ẹ lè dúró níbí. Ẹni tó bá kù, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà.

Browser: ilé tí ẹ ń gbé

Mo gbé mẹ́rin tí mo ń bá pàdé jù lórí kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn síbí (uBlock Origin tí ẹ máa rí níbẹ̀ jẹ́ extension tó ń dí ìpolówó, mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀):

| | Kúkì atọpasẹ̀ | Ìpolówó | Ohun tí ẹ máa fi kún un |
|---|---|---|---|
| Chrome | ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ dí i | ó ń dí fèrèsé àyọjú àti èyí tó burú jù lọ nìkan | uBlock Origin Lite |
| Edge | ó ń dí díẹ̀. Ẹ lè gbé e lọ sí “Strict” | fèrèsé àyọjú nìkan | uBlock Origin Lite |
| Firefox | ó ń pín kúkì ìkànnì kọ̀ọ̀kan sí ìṣà tirẹ̀ | fèrèsé àyọjú nìkan | uBlock Origin gan-an |
| Brave | ó ń dí i láti ìbẹ̀rẹ̀ | ó ń dí i láti ìbẹ̀rẹ̀ | kò pọn dandan |

Chrome ni gbogbo ayé ń lò, kò sì burú láti fi ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n orí ìpolówó ni Google ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀. Ẹ ò lè retí kí alápatà máa kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀fọ́ lásán. Ní ọdún 2020, Google ṣèlérí pé òun máa mú kúkì ará ìta kúrò nínú Chrome; wọ́n sún un síwájú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún sún un, nígbà tó di oṣù Keje ọdún 2024 wọ́n ní àwọn ti pa èrò dà. Ẹ̀yin fúnra yín lè dí i nínú “Settings” o, lábẹ́ “Third-party cookies”, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Nǹkan kejì tí Chrome ṣe ló dun àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí jù. Wọ́n yí òfin àwọn extension padà, ohun tí wọ́n ń pè ní Manifest V3, nígbà tó sì di ọdún 2025, uBlock Origin, tí mo ti ń fi sórí kọ̀ǹpútà àwọn oníbàárà mi láti ọjọ́ pípẹ́, kò ṣiṣẹ́ mọ́ nínú Chrome. Àbúrò rẹ̀ tó ń jẹ́ Lite ló kù níbẹ̀. Lite ń gbìyànjú, kò kàn lágbára tó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Firefox lèmi fi ń ṣiṣẹ́. Láti ọdún 2022 ló ti ń fi kúkì ìkànnì kọ̀ọ̀kan sínú ìṣà tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, láìjẹ́ pé ẹ sọ fún un: ọkùnrin oníwèé yẹn lè dúró lẹ́yìn yín nísọ̀ aláta, ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé ìsọ̀ ẹlẹ́ja, kò ní mọ̀ pé ẹ̀yin náà ni. Àbùkù rẹ̀ ni pé àwọn ìkànnì kan, pàápàá àwọn ìkànnì ìforúkọsílẹ̀ níbí, tí wọ́n kọ fún Chrome nìkan, máa ń ṣe wérewère nínú rẹ̀. Nítorí èyí, mi ò kì í yọ Chrome kúrò lórí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni. Mo ń fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀.

Brave ni mo ń fún ẹni tí kò fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan kan. Brendan Eich, ẹni tó ṣe JavaScript ní ọdún 1995, ló wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, egungun kan náà tí wọ́n fi kọ́ Chrome ni wọ́n sì fi kọ́ ọ, nítorí náà àwọn ìkànnì wa kì í bá a jà. Ẹ gbé e wọlé, ó ti ń dí ìpolówó nìyẹn. Ohun tí mi ò fẹ́ nínú rẹ̀ ni àpamọ́wọ́ kirípítò àti àwòrán ìpolówó tirẹ̀ tó ń hàn nígbà tí ẹ bá ṣí ojú ewé tuntun. Ẹ lè pa méjèèjì, mo sì máa ń pa á fún àwọn àgbà, kí ẹnikẹ́ni má bàa pè mí láago mẹ́wàá alẹ́ pé òun ti rí owó lórí kọ̀ǹpútà.

Edge wà láàárín. Tí ẹ bá ti ń lò ó tí ẹ ò sì fẹ́ kúrò, ẹ gbé “Tracking prevention” rẹ̀ kúrò ní “Balanced” sí “Strict”. Opera náà ní ohun tó ń dí ìpolówó nínú, ẹ̀yin lẹ máa tàn án.

Extension: olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà

Mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra, torí àwọn ni orúkọ wọn ń jáde jù.

Raymond Hill ló ṣe uBlock Origin, ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í gba ọrẹ owó pàápàá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí, mo rò pé àbùjá kan wà níbẹ̀, mi ò tíì rí i. Ó ń dí ìpolówó, ó ń dí atọpasẹ̀, ó sì ń dí ọ̀pọ̀ ìkànnì tí wọ́n mọ̀ pé wọ́n ń pín amí, kì í sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ ìrántí kọ̀ǹpútà. Ìyẹn ṣe pàtàkì fún wa, torí ọ̀pọ̀ laptop tí a ń rà ládùúgbò Queen Cinema, tòkunbọ̀ ni, RAM 4GB ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Ẹ wò ó bó ṣe rí lójú. Apata pupa kékeré kan máa wà lókè browser, nọ́ńbà á sì máa gun orí rẹ̀ bí ojú ewé ṣe ń ṣí: iye ohun tó ti dí nìyẹn. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe fún dátà yín, ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ẹ ṣí Firefox, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti E pọ̀, àpótí kan á yọ nísàlẹ̀. Ẹ ṣí ojú ewé ìròyìn kan tí ìpolówó kún bámúbámú. Nọ́ńbà tó wà níwájú “transferred” nísàlẹ̀ pátápátá ni dátà tí ojú ewé yẹn gbé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tan uBlock Origin, ẹ tún ojú ewé náà ṣí, ẹ wá fi méjèèjì wéra. Mo ti ṣe é níwájú oníbàárà kan rí, tíṣà ni wọ́n, wọ́n sì dìde dúró.

Adblock Plus dàgbà jù ú lọ, láti ọdún 2006 ló ti wà. Ilé iṣẹ́ Eyeo ní Jámánì ló ni ín. Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2011 ló ti ní ètò “Acceptable Ads”: àwọn ìpolówó tí kò bá pariwo jù, ó máa jẹ́ kí wọ́n kọjá, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sì ń sanwó fún Eyeo lórí ètò náà. Àwọn kan ní kò burú, torí àwọn tó ń kọ ìròyìn náà gbọ́dọ̀ jẹun. Mo gbà pẹ̀lú ìdí yẹn. Ohun tí mi ò gbà ni kí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mi máa gbowó lọ́wọ́ àlejò. Ẹ lè pa ètò náà nínú “Settings” rẹ̀, ṣùgbọ́n títàn ni ẹ máa bá a.

Privacy Badger ni ẹ̀kẹta, ẹgbẹ́ EFF ní Amẹ́ríkà, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, ló ṣe é ní ọdún 2014. Kì í ṣe ìpolówó lòun ń bá jà, atọpasẹ̀ ni. Ìpolówó tí kò bá tẹ̀ lé yín káàkiri, ó lè fi í sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò bínú sí ìpolówó ṣùgbọ́n tó ń bínú sí ọkùnrin oníwèé yẹn, òun gan-an ló wà fún. Ẹni tó bá ti ní uBlock Origin nínú Firefox kò nílò rẹ̀ mọ́, bí mo ṣe rí i.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ tó jọra. Ní ọdún 2018, ilé iṣẹ́ AdGuard tú àṣírí àwọn adípolówó ayédèrú márùn-ún nínú ilé ìtajà Chrome, tí ohun tó lé ní mílíọ̀nù 20 èèyàn ti gbé wọlé. Olè fi aṣọ ọlọ́dẹ bora. “uBlock” lásán wà níta tí kì í ṣe ti Raymond Hill. Ẹ rí i pé “Origin” wà níbẹ̀, ẹ rí orúkọ rẹ̀, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì.

Gbogbo àwọn yìí kò lè lé amí tó ti wà nínú ilé o. Olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà kì í wọ yàrá.

Èyí tó ń wọ yàrá

Ọ̀pọ̀ ń bi mí bóyá kí àwọn ra antivirus. Mo máa ń bi wọ́n padà pé kí ló ṣe èyí tí wọ́n ní? Láti Windows 8 ní ọdún 2012 ni Microsoft ti ń kó antivirus pọ̀ mọ́ Windows, Defender, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti di ọmọ gidi báyìí. Kọ̀ǹpútà ilé tó ń lo Windows 11, tí ẹni tó ni ín kì í gbé ohun tí wọ́n ti ja kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wọlé, Defender tó o. Ìpinnu mi nìyẹn, mo mọ̀ pé àwọn kan tó ń tajà ní Dùgbẹ̀ kò ní fẹ́ràn mi fún un.

Àmọ́ ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ wò. Ẹ ṣí “Windows Security”, “App & browser control”, ẹ wọ “Reputation-based protection”, ẹ rí i pé dídí ohun tí wọ́n ń pè ní “Potentially unwanted app” wà ní títàn. Ìyẹn ló ń mú àwọn tí kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì gidi ṣùgbọ́n tí wọn kì í ṣe èèyàn dáadáa: àwọn toolbar, àwọn tó ń yí ojú ewé àkọ́kọ́ padà.

Tí amí bá ti wọlé tí Defender kò rí i, AdwCleaner ni mo kọ́kọ́ ń pè. Fáìlì kékeré ni, ẹ ò ní gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́, ó máa wá a, ó máa nù ún, ó tán. Ilé iṣẹ́ Malwarebytes ló ni ín láti ọdún 2016. Malwarebytes fúnra rẹ̀ jinlẹ̀ jù ú lọ: ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ ń wá amí, ó sì ń yọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ní kó ṣe é, kì í ṣọ́ yín tọ̀sán tòru àfi tí ẹ bá sanwó. Ọ̀fẹ́ yẹn ni mo ń lò, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Fún amí olóríkunkun, “Microsoft Defender Offline scan” wà: ó máa pa kọ̀ǹpútà, ó máa tàn án padà, ó sì máa wá inú rẹ̀ kí Windows tó jí. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí iná bá ń ṣẹ́jú tí bátìrì yín sì ti kú.

Èyí tí mo ń bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe ni antivirus tí wọ́n ti ja kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ rò ó wò: ẹ gba ẹ̀ṣọ́ síṣẹ́, ọwọ́ olè lẹ sì ti rí i. Ẹ má sì kó antivirus méjì pọ̀ sórí kọ̀ǹpútà kan. Ara wọn ni wọ́n máa fojú sí, kọ̀ǹpútà á sì máa rìn bí ẹni tó gbé ẹrù méjì lọ sí Òkè Máapó.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣọ́ gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan

DNS ni bí kọ̀ǹpútà ṣe ń béèrè àdírẹ́sì ìkànnì kí ó tó lọ síbẹ̀. Ẹ lè gbé ìbéèrè náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa kọ̀ láti fún un ní àdírẹ́sì àwọn onípolówó. Ti AdGuard jẹ́ ọ̀fẹ́: 94.140.14.14 àti 94.140.15.15. Tí router yín bá gbà á, kí ẹ fi nọ́ńbà wọ̀nyí sínú rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá so mọ́ ọn, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù, á jẹ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ MiFi tí a ń lò níbí kò fàyè gbà á, lórí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lẹ máa ṣe é. Lórí fóònù Android, “Private DNS” ni, ẹ kọ dns.adguard-dns.com síbẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ kò tó ibi tí ti uBlock Origin tó. Ìpolówó YouTube àti fídíò rẹ̀ ń ti ilé kan náà jáde, DNS kò lè dí ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀. Àfikún ni, kì í ṣe arọ́pò.

Ta ló ń lo kọ̀ǹpútà náà?

Àgbà tó ń ka ìròyìn, tó ń wo ìwàásù, tó ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lókè òkun: Brave, kí ẹ pa kirípítò rẹ̀, Defender, ó parí. Tó bá ti mọ Firefox tẹ́lẹ̀, Firefox pẹ̀lú uBlock Origin ló dáa jù.

Ilé tí ọmọ pọ̀ sí: àwọn ọmọ kò gbọ́dọ̀ lo àkáǹtì administrator, èyí tó láṣẹ láti yí ohun gbogbo padà. Ẹ ṣí àkáǹtì “Standard” fún wọn lórí Windows. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n bá fẹ́ gbé wọlé, ó máa bèèrè password yín kó tó gbà. Ìyẹn nìkan ń dá ọ̀pọ̀ amí dúró, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Lẹ́yìn èyí, Firefox, uBlock Origin, àti DNS.

Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fáwọn èèyàn, tó ń forúkọ sílẹ̀ fún JAMB, tó ń tẹ ìwé ẹ̀rí ìsanwó: Firefox fún ohun tìrẹ, Chrome fún iṣẹ́, kí o dí kúkì ará ìta nínú Chrome náà, kí o sì fi Lite sí i. Rántí pé ìwé ẹ̀rí ìsanwó máa ń yọ nínú fèrèsé tuntun nígbà míì, browser á sì dí i bí ẹni pé ìpolówó ni. Àmì kékeré kan á yọ lápá ọ̀tún ibi àdírẹ́sì. Tẹ̀ ẹ́, fún ìkànnì yẹn nìkan láṣẹ. Má ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ayé torí ìwé kan.

Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣì wà lórí Windows 10: Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn gbogbogbòò rẹ̀ dúró ní 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Tí kò bá lè gba Windows 11, tí kò sì sí owó tuntun, Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, ni mo ń fi sórí irú wọn. Ọ̀pọ̀ amí, Windows ni wọ́n kọ wọ́n fún.

Ti màmá mi: Firefox ni mo fi sí i, pẹ̀lú uBlock Origin, mo sì fi Chrome pa mọ́ sí ibi tí ọmọ àbúrò mi kò ní tètè rí i. Mo fún ọmọ náà ní àkáǹtì tirẹ̀. Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún pè mí. Ìwé ìròyìn kan tí wọ́n máa ń kà ní kí wọ́n pa ohun tó ń dí ìpolówó kí wọ́n tó lè wọlé.

“Ṣé ẹ fẹ́ràn ìwé ìròyìn náà, Mà?”

“Ojoojúmọ́ ni mò ń kà á.”

“Ẹ tẹ apata pupa yẹn. Ẹ rí bọ́tìnnì ńlá tó wà nínú rẹ̀, ti títan iná? Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún ojú ewé náà ṣí. Ibẹ̀ nìkan ló máa fi sílẹ̀.”

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. “Ó ti ṣí,” wọ́n wí. “Àwọn ìpolówó náà ti dé. Wọ́n ń ta mátíráàsì.”